Ohun Tó Dí Ihò Ọkọ̀ Ọmọ́ladùn

Ọdún mẹ́ta ni Ọmọ́ladùn ti wà nílé ọkọ ní abúlé apẹja kan nílẹ̀ Ìlàjẹ láìfojú kan ìyá rẹ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Àárò ìyá yìí a máa sọ ọ́ gan-an. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹja pípa ló fi ṣe ìyálé Ọmọ́ladùn. Ọkùnrin náà kò ráyè gbé ẹnikẹ́ni sọdá.

Ló bá tọ Baba Akíntìmẹ́hìn lọ pé kó kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà. Àgbà awakọ̀ ni, kò sì yára fún un ní àjẹ̀. Oṣù méjì gbáko ló fi ń dojú ọkọ̀ dé tòun ti Ọmọ́ladùn nínú omi, tí yóò ní kó yí i sókè padà, kó gbọ́n omi inú rẹ̀, kó sì tún wọ̀ ọ́.

"Baba, ìgbà wo ni mo máa mọ̀ ọ́n?"

"Nígbà tí o kò bá bi mí mọ́."

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, kálukú wọn wa ọkọ̀ tirẹ̀. Ọmọ́ladùn di aṣọ tuntun mẹ́jọ fún ìyá rẹ̀.

"Baba, ọkọ̀ mi tuntun, aṣọ mi pé mẹ́jọ. Kí lẹ ní tí mi ò ní?"

Baba rẹ́rìn-ín, ó ń wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ń rí èéfín abúlé ìyá rẹ̀ nígbà tí kùkùté abẹ́ omi la ìdí ọkọ̀ Ọmọ́ladùn. Omi ń wọlé. Ó ki aṣọ tuntun kan bọ ihò náà, ṣùgbọ́n aṣọ náà le gbagidi, omi sì tì í jáde. Ó ki òmíràn, bákan náà ni. Ó bú sẹ́kún.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká padà."

Baba sún mọ́ ọn, ó fa àkísà kan yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀.

"Ìbàǹtẹ́ ọ̀gá mi nìyí. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mò ń kọ́ ọ. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti kú, àárò rẹ̀ kò tíì fi mí sílẹ̀."

Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò náà. Àkísà náà rọ̀, ó dí ihò náà pinpin, omi sì dáwọ́ dúró.

Ní èbúté, ìyá àti ọmọ dì mọ́ra, wọ́n sunkún. Ọmọ́ladùn tú aṣọ sílẹ̀. Ìyá yin àwọn aṣọ náà, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan àkísà tó wà nídìí ọkọ̀.

"Aṣọ rẹ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èyí ló gbé ọ wá bá mi."

Ọmọ́ladùn yíjú sí Baba, ó kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará etí ọ̀sà ti ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn pé, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.