Òrí Tí Morádéyọ̀ Fi Kọ̀wé

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bi ìyá Morádéyọ̀ onídìrí léèrè wò.

Ìwé kì í tètè yé ọmọ rẹ̀ bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ lẹ́tà í fà. Ìyá a di ọwọ́ náà mú pinpin, a máa wọ́ ọ lórí ìwé títí pẹ́ńsù yóò fi kán, tí ọmọ yóò bú sẹ́kún. Nígbà tó sú u, ó lọ bá tíṣà pé òun fẹ́ mú un kúrò nílé ìwé.

Tíṣà ní, "Màmá, bí irun ọmọdé bá lọ́ pọ̀, ṣé ẹ máa ń fà á tu ni?"

"Èèwọ̀! Òrí la fi ń rọ̀ ọ́, ká tó máa tú u díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ bá mi mú òrí ọ̀hún wá."

Tíṣà yìí mà mọṣẹ́ o! Ó tẹ́ òrí sójú àwo pẹrẹsẹ, ó ní kí Morádéyọ̀ máa fi ìka fa lẹ́tà gàdàgbà sí i. Bó bá ṣì í, wọn a pa á rẹ́, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sunkún mọ́. Nígbà tí ìka mọ̀nà tán, pẹ́ńsù tẹ̀ lé e.

Nígbà ọdún Kérésì, oníbàárà pọ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ìkánjú mú un, ó fa irun ọmọ kan, ọmọ náà ké. Morádéyọ̀, tó jókòó tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀, gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó sì ti ike òrí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Màmi, ẹ kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ ná."