Òwú Kì Í Sùn Lábẹ́ Òkúta

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà nísàlẹ̀ òkè, ahunṣọ òfì ni. Láàárọ̀, nígbà tí ìkùukùu bá ṣì bo orí òkè náà, yóò ti jókòó sídìí òfì rẹ̀, ẹsẹ̀ lórí ìtẹsẹ̀, ọwọ́ lára òwú. Ẹni tó bá ń bọ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ ìró òfì náà kó tó rí òun fúnra rẹ̀. Ìró tí í mú oorun kun ọmọdé ni.

Àdìgún, ìwọ tí o wá kí mi yìí, o kò rí bí wọ́n ti ń hun òfì rí, nítorí náà fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀ kí o lè fojú inú wò ó. Òwú ahunṣọ kì í gbé inú ilé. Gbàgede ni wọ́n máa ń nà án sí, tẹ́ẹ́rẹ́, kó gùn kọjá iwájú ilé bíi mẹ́ta. Ní ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á so ó mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, wọ́n á sì gbé òkúta lé pákó náà. Òkúta yìí ló ń fa òwú kó lè le. Bí ahunṣọ ti ń hun, bẹ́ẹ̀ ni pákó náà ń wọ́ bọ̀ lórí yanrìn díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń rá bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Pákó yìí àti òkúta orí rẹ̀ ni àwọn ahunṣọ ń pè ní ẹrù. Òfì tí kò bá ní ẹrù kò lè hun aṣọ kankan.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, ahunṣọ kọ̀ọ̀kan á dìde, á rìn lọ sí ìparí òwú rẹ̀, á gbé òkúta kúrò lórí pákó, á gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òwú á rọ̀. Wọ́n á ní, "Òwú, ó dàárọ̀ o," wọ́n á sì wọlé lọ jẹun. Kò sẹ́ni tí í fi òkúta sílẹ̀ lórí òwú di ọjọ́ kejì, torí wọ́n gbà pé òwú tó bá sun abẹ́ òkúta, gbígbẹ ni yóò jí.

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n kan. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà sì ni olórí agbo ilé wọn. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n na òwú tuntun sílẹ̀, aláró pẹ̀lú pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó hun díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sùn, kò jí mọ́. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ẹbí ní kí àbúrò bọ́ sípò rẹ̀. Wọ́n fún un ní àga ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì fún un ní òfì ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú òwú tó wà lórí rẹ̀. Ó dúró, ó wo òwú náà títí. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló nà á, fọ́nrán kan tẹ̀lé òmíràn, ọwọ́ yẹn kò sì tún ní na òmíràn mọ́ láyé. Ó pinnu lọ́kàn pé fọ́nrán kan ṣoṣo kò ní já nínú rẹ̀ títí aṣọ náà yóò fi parí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ipò olórí ẹbí kì í ṣe àga lásán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe tí wọ́n fi ń jí i láràárọ̀ nìyẹn. Bí ewúrẹ́ ẹnìkan bá jẹ iṣu ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹléwúrẹ́ àti oníṣu máa ń jọ wá, ewúrẹ́ náà á sì tẹ̀lé wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹbí ń bá ará àdúgbò fà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kan sì ti rìn lọ sí ìlú òkèèrè, wọn kò gbúròó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń gbà mọ́ra. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé kò sí wàhálà, á ní, "Kò sí nǹkan kan."

Kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, kò mọ adùn ọbẹ̀. Kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti gùn sókè débi etí, eyín rẹ̀ sì ń lọ ara wọn lójú oorun tí ìyàwó rẹ̀ fi ń jí. Orí ń fọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọrùn wá. Nígbà mìíràn, níbi tó jókòó sí jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ á ṣàdédé máa lù kìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn tó ń hunṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò kí i kó dáhùn dáadáa mọ́, òun tó jẹ́ ọlọ́yàyà tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ìgbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n, etí aṣọ rẹ̀ kò gún mọ́, ó ń wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wo aṣọ, ó ní òwú ni kò le tó. Ló bá lọ gbé òkúta kejì lé ẹrù. Aṣọ kò gún. Ó gbé ẹ̀kẹta lé e. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò pa òwe yẹn fún olórí ẹbí? Nígbà tó yá, kò gbé òkúta sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ mọ́ rárá. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá tú òwú náà, òun lè má mọ bí ẹ̀gbọ́n òun ti ṣe fà á. Àwọn ahunṣọ yòókù á ti máa kí òwú wọn pé ó dàárọ̀, tirẹ̀ á wà ní nínà gbangba, ó ń dún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tún un wò.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an. Kí lẹ ń rò?"

"N ò ro nǹkan kan."

"Ẹ̀ ń sùn?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Ó ń dùbúlẹ̀ ni. Kò sùn."

Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, ó ní kó má ṣe fò ó, kó sì dín iyọ̀ kù. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé, "Oògùn yìí á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin náà níṣẹ́ tiyín. Ara kì í ṣe òkúta. Bí ọkàn bá ń sáré tọ̀sán-tòru, ẹ̀jẹ̀ á máa bá a sáré, ọjọ́ kan á sì jọ́kan tí nǹkan máa já lórí tàbí láyà. Ìgbà yẹn, èèyàn lè má lè gbé ọwọ́ mọ́." Ọkùnrin yìí mi orí. Ó lo oògùn náà bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n ìdí òfì ló gbà lọ láti ilé ìwòsàn, òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú, oòrùn rọ̀ bí ẹyin. Gbogbo gbàgede dákẹ́. Ahunṣọ yìí gbé àgbọ̀n lé àyà níbi tó ti ń hunṣọ, ó sì sùn lọ.

Ó rí i lójú àlá pé gbàgede náà ti gùn títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Òwú aláró nà lọ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara òfì ló ti ń jáde. Ara rẹ̀ ni. Ó ń jáde ní ìka rẹ̀, ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ní ìpéǹpéjú rẹ̀, fọ́nrán kan sì ti abẹ́ ọmú òsì jáde, òun ló pupa jù. Lọ́nà jíjìn, níbi tí ẹrù wà, àwọn èèyàn tò wá nínú ìkùukùu. Ẹni kọ̀ọ̀kan gbé òkúta lọ́wọ́. Wọ́n á kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," wọ́n á rọra gbé òkúta wọn lé pákó, wọ́n á sì máa lọ sílé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọn kò bínú sí i. Kò sí ọ̀tá kankan láàárín wọn. Ó rí oníṣu, ó rí ẹléwúrẹ́, ó rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú òkúta kékeré kan tí kò tóbi ju àgbálùmọ̀ lọ.

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọkùnrin kan ń bọ̀, ó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ òkúta ńlá. Ó gbé e lé ẹrù, ó padà lọ gbé òmíràn, ó tún padà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ahunṣọ wo àwọn òkúta ọkùnrin yìí, ó sì rí i pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ni òkú ọmọ tó lọ sókèèrè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ pé ọmọ kú. Ọ̀kan ni ilẹ̀ ẹbí tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ kò tíì dé ibì kan. Ọ̀kan ni ẹ̀sín tí ayé yóò fi í ṣe pé kò tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà gbójú sókè, ahunṣọ rí i pé òun fúnra òun ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi kan nítòsí, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sápá kan bó ṣe máa ń dé e. Ó fẹnu sétí àbúrò rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Sọ ẹru kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í ní ohùn òkè, kì í ní ohùn ìsàlẹ̀. Ahunṣọ kò mọ̀ bóyá ẹrù tí à ń rù ni, tàbí ẹ̀rù tí ń bani. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo lẹ wí nínú méjèèjì?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni fọ́nrán tó pupa bá já.

Ó ta jí. Ọkàn rẹ̀ ń lù débi pé ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú. Ó wo iwájú, ó sì rí i pé fọ́nrán kan ti já lóòótọ́ nínú òwú ẹ̀gbọ́n rẹ̀; ó ká jọ sórí yanrìn. Nǹkan tó ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá ti ṣẹlẹ̀. Ó jókòó, ó ń retí kí ayé wó. Ayé kò wó. Adìyẹ kan kọjá lábẹ́ òwú, ó ń jẹ̀ lọ.

Ó dìde, ó rìn lọ sí ìparí òwú. Ó gbé òkúta tòkè kúrò, ó gbé èkejì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti rí òkúta ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo, tí ọwọ́ ti fọ̀ ọ́ dán látàrí gbígbé sókè láràárọ̀ àti gbígbé sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òkúta kan yìí ni ọkùnrin yẹn fi hunṣọ títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Ahunṣọ gbé òun náà sílẹ̀. Òwú rọ̀ lọ gbọọrọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí." Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, obìnrin náà kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyàwó jókòó tì í lórí yanrìn. "Ó ti ń bà mí náà ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ ò jẹ́ ká pín in? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí."

Wọ́n pín in. Àbúrò kan tí ahunṣọ ní, tó gbọ́n lẹ́nu, gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Arábìnrin wọn àgbà gba ẹjọ́ ewúrẹ́ àti iṣu, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ó ní òun ti ń wá bí òun ṣe máa sọ fún wọn pé òun lè tọ́jú ara òun, wọn kò kàn bi òun ni. Ti ọmọ tó wà lókèèrè, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Wọ́n jọ ń gbàdúrà fún un láàárọ̀, wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà kò fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní ó ti ń wálẹ̀. Ó ta fọ́nrán tó já ní kókó, ó sì hun aṣọ náà parí. Bí o bá fi ọwọ́ rá a lónìí, ìka rẹ yóò kan kókó yẹn. Ahunṣọ ní ibẹ̀ ló gbóná jù lára aṣọ náà.

Àdìgún, ìwọ ni mò ń bá wí. O wá kí mi, o ti wo fóònù yẹn títí, o kò sì mọ̀ pé èjìká rẹ ti débi etí. Ẹnikẹ́ni kò ní kí o má ṣiṣẹ́. Òfì gbọ́dọ̀ ní òkúta tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni wọ́n gbé lé ọ nínú àwọn tó wà láyà rẹ, èwo sì ni ìwọ fúnra rẹ lọ gbé wá? Lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́la. Sọ fún ìyàwó rẹ lónìí pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Oòrùn ti ń wọ̀ báyìí, àwọn ahunṣọ ti ń dìde. Sún mọ́ mi kí n sọ ọ́ sí ọ létí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí o lè gbọ́ méjèèjì: sọ ẹru kalẹ̀.