Ẹ̀wù Àjànàkú àti Ìró Ìyàwó Ìgbín

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gé ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí àlùmọ́gàjí, ó balẹ̀ sórí Ehoro aránṣọ.

Ní ìgbà kan rí, Ehoro parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀gá rẹ̀ súre fún un. Ó ní, “Ehoro, aṣọ tí o bá rán ni yóò máa pe oníbàárà fún ọ.” Ehoro ṣe àmín. Ó pàgọ́ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ dání, ó jókòó.

Ẹnì kankan ò wá. Eṣinṣin nìkan ló ń wọlé. Eṣinṣin ò sì wọ ṣòkòtò.

Lọ́jọ́ kan, Ìgbín wọ́ dé. Ó fa ìró kan yọ. Aṣọ aláró ni. Etí rẹ̀ kan ti ṣá.

“Ìró ìyàwó mi ni,” Ìgbín wí. “Ó ti lọ sọ́run. Fi rán ẹ̀wù fún mi.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Màá rán an.”

“Ibi tó ṣá yìí, ibẹ̀ ló máa ń ki bọ ìbàdí. Má gé e dànù o.”

“Láéláé, bàbá!”

Ìgbín lọ. Ehoro wo ìró náà, ó yọ ṣùtì. “Ta ni yóò rí ẹ̀wù lára Ìgbín? Ẹni tó ń fàyà wọ́lẹ̀!”

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ilẹ̀ mì. Àjànàkú ló ń kọjá. Ojú Ehoro tàn. Ẹni tó bá wọ Àjànàkú láṣọ, ta ni ò ní mọ̀ ọ́n? Ó sáré tẹ̀lé e.

“Bàbá Àjànàkú! Ọdún iṣu tuntun dé tán. Ṣé ìhòòhò náà lẹ tún fẹ́ jó?”

Ojú ti Àjànàkú. “A ò tíì rí aránṣọ tó lè rán tèmi.”

“Ẹ ti rí i! N ò gba kọ́bọ̀. Kí gbogbo ìlú ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo rán an.”

Ó mú okùn, ó fi wọn Àjànàkú. Ó sáré yí i ká. Nígbà tó fi padà dé iwájú, ó ti gbàgbé ìdí ẹsẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún yí i ká. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú.

Ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti rí aṣọ tó tó bẹ́ẹ̀? Ehoro ronú, ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí ìta, ó kígbe: “Ẹ kó aṣọ wá o! Ọ̀fẹ́ ni mo fi ń rán ti ọdún yìí!”

Ha, ọ̀fẹ́! Ẹkùn gbé àrán wá. Ẹtu gbé aṣọ funfun wá. Ọ̀bọ gbé aṣọ pupa wá fún ṣòkòtò. Ehoro gé gbogbo rẹ̀, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra fún Àjànàkú. Ó gé ìró ìyàwó Ìgbín náà sí méjì.

Ọ̀bọ wá. “Ehoro, ṣòkòtò mi ńkọ́?”

“Ó ku bọ́tìnnì.”

“Ṣòkòtò mi ò ní bọ́tìnnì!”

“Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ gan-an nìyẹn!”

Ìgbín náà wá.

“Ó ku kí n fi irin lọ̀ ọ́, bàbá.”

Ìgbín mi orí. Ó yí padà. Yíyí padà nìkan gbà á ní ìdajì ọ̀sán.

Ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Ehoro ò ráyè rán aṣọ náà. Ó kàn fi òwú kan ṣoṣo fà á pọ̀ wéréwéré, bí aránṣọ ti í ṣe kí ó tó rán an gan-an. Ó sì kọ́ àwọn ẹyẹ ẹ̀gà lórin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

Ta ló rán an?
*Ehoro ni!*
Ta ló mọ̀ ọ́n rán?
*Ehoro ni!*

Ọjọ́ ọdún pé. Àjànàkú jáde nínú ẹ̀wù, ó ń jó gìdìgìdì. Ìlú hó yèè. Ẹ̀gà ń kọrin. Ehoro dúró lórí òkìtì, ó ń juwọ́.

Ọ̀bọ nu ojú. “Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ṣòkòtò mi kọ́ ló wà ní èjìká Àjànàkú yẹn?”

“Àrán mi rèé ní ìdí rẹ̀!” Ẹkùn bú ramúramù. “Ta ló gé aṣọ mi?”

Orin kan ṣoṣo ni àwọn ẹ̀gà mọ̀.

*Ehoro ni!*

“Ta ni olè?”

*Ehoro ni!*

Ọ̀bọ fò mọ́ Àjànàkú, ó fa òwú kan. Fìììì! Gbogbo ẹ̀wù tú palẹ̀. Àjànàkú fi etí méjèèjì bojú, ó sá wọ igbó. Láti ọjọ́ náà, ó lóun ò wọ aṣọ mọ́.

Ẹkùn fa etí Ehoro kan, Ọ̀bọ fa ìkejì. Wọ́n fà á, wọ́n fà á. Ẹ ṣáà ń rí etí náà títí dòní.

Kálukú ṣa aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ku abala méjì nílẹ̀. Ìgbín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé síbi ọdún ni. Ó wo abala kìíní. Ó wo ìkejì. Ó wá etí tó ṣá. Ó rí i. Kò pariwo.

“Ehoro,” ó wí, “ṣé ó ku kí o lọ̀ ọ́ ni?”

Ehoro kó abala méjèèjì. Ó jókòó sínú eruku, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rán an wẹ́wẹ́, ó rán an pẹ̀lẹ́. Etí tó ṣá, ó fi í sí àyà. Ẹyẹ kankan ò kọrin.

Ìgbín wọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ kan àyà. Ó lọ.

Ìgbín kì í sáré, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á wo ọrùn ẹ̀wù, á wo etí rẹ̀, á wo ojú rírán, Ìgbín ò sì ní tíì kọjá.

“Bàbá, ẹ̀wù yìí mà dára o! Ta ló rán an?”

“Ehoro ni.”

Kò tíì dé ilé tí Ẹtu fi dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó ń fojú wo ilẹ̀. “Ehoro, ṣé o lè rán irú ti Ìgbín fún mi?”

Ehoro fọwọ́ pa etí. “Mo lè rán an,” ó wí. “Ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Kò sì ní jẹ́ nítorí bọ́tìnnì.”

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó má fi aṣọ oníbàárà ra orúkọ fún ara rẹ̀. Kó rán ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Ẹni yẹn ni yóò gbé e kiri. Bí mo bá parọ́, kí abẹ́rẹ́ Ehoro gún mi látàǹpàkò.

Ó tó. Ẹ̀yin tí ìyá yín wà nílé, ẹ lọ bá a ká aṣọ rẹ̀.