Òdòdó Tó Rìn Dé Ẹnu Ọ̀nà
Ta ló mọ ibi tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ agbohùn pamọ́ sí nígbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ? Inú ìkòkò òdòdó ni. Ẹni tó bá jìnnà sí òdòdó, ẹnu rẹ̀ á kàn máa mì lásán. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gá onísinimá kan gbé òdòdó síwájú ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe ayaba nínú eré, ó wá sọ fún Ẹfúnyẹmí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ṣe ìránṣẹ́, pé: “Ẹnu ọ̀nà ni kí o dúró sí. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan, tàbí bí a ò bá gbọ́ ohùn rẹ, ọkọ̀ òkun yá, ilé lò ń padà sí nìyẹn.” Ẹfúnyẹmí ní, “Mo gbọ́, sà. Ṣé kí n kí ayaba bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa?” “Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ gbà ọ́ nìyẹn!” Nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó dorí kodò. Ayaba ní, “Dìde.” Kò mira. “Ṣé adití ni ọ́ ni?” “Rárá o, mà. Nílé wa, ọwọ́ yín ló máa kàn mí lẹ́yìn kí n tó dìde.” Ayaba fi ìbínú lọ bá a, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ agbohùn ní òun ò gbọ́ ọ mọ́. “Ta ni ò gbọ́ èmi? Ẹ gbé òdòdó yẹn tẹ̀ lé mi!” Bí òdòdó ṣe balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ni Ẹfúnyẹmí gbójú sókè, ó sì kí ayaba tilé-tọ̀nà títí fíìmù fi tán. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ rẹ̀: kò kúrò lójú kan. Ìwọ náà, bí wọ́n bá ní o ò gbọdọ̀ sún mọ́ òdòdó, kọ́kọ́ wo ẹni tí kò lè ṣe láìsí i, kí o wá pe onítọ̀hún sọ́dọ̀ rẹ.