Orúkọ Tí Ọdẹ́jìnmí Gbà Bọ̀ Láti Ogun

Ọmọ baba kan náà ni àwọn ará Ìdóògbè àti àwọn ará Òkè-Àkọ̀. Wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bára wọn sìnkú, kí ọ̀rọ̀ ààlà oko tó dogun láàárín wọn. N kò mọ ogun tó burú tó irú èyí. Ọdẹ́jìnmí, jagunjagun Ìdóògbè, mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Òkè-Àkọ̀ ni wọ́n ti bí Ẹfúnyẹmí, ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ogun fẹ́ gbéra, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àdìgún ọmọ mi, n kò ní kí o má lọ. Bàbá mi ti darúgbó, wọn ò lè sá. Bí ẹ bá wọ̀lú, má jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun dé agbolé wa."

"Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ni yóò dé ibẹ̀ níṣojú mi?"

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dó ti odi Òkè-Àkọ̀. Nígbà tí ebi fẹ́ lé wọn padà sílé, ojú ti Ọdẹ́jìnmí. Ó rántí ibi tí odi ti lu, tó máa ń gbà jáde lọ ṣa àgbálùmọ̀ nígbà tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ ní kékeré. Ó rò pé bí òun bá ṣíwájú, òun á lè dáàbò bo agbolé náà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, òun nìkan ló já ẹnubodè gbà. Akin ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé bàbá àgbà ni ihò odi náà já sí, ibẹ̀ sì ni àwọn tó tẹ̀ lé e ti kọ́kọ́ sọ iná. Kó tó sáré padà láti ẹnubodè, òrùlé ti wó lu arúgbó náà. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ní Ìdóògbè, ọba fi iyùn sí i lọ́rùn níṣojú gbogbo ìlú, ó sì sọ ọ́ ní Afọ́dibíìkòkò. Wọ́n fi ẹṣin sìn ín délé. Ìyá rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀.

"Afọ́dibíìkòkò, ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ewu ogun."

Ọdẹ́jìnmí bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá mi, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Èmi Àdìgún yín ni!"

"Bàbá mi ló fún Àdìgún ní oríkì. Ẹ ti sun wọ́n mọ́lé."

Títí obìnrin náà fi kú, kò pe oríkì ọmọ rẹ̀ mọ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì ní kí Ọdẹ́jìnmí kọ́ àwọn ní ogun jíjà kí àwọn náà lè là, gbólóhùn kan ni yóò fi dá wọn lóhùn, òun náà ni àwọn àgbà sọ dòwe títí dòní: Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni.