Ìyẹ́ Pupa Etí Ẹtu

Ẹ sún mọ́ mi, òṣùpá ò ní dúró dè wá. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹtu, ọmọ ogun àwọn ẹranko kéékèèké. Ìyẹ́ pupa ni wọ́n máa ń há sétí, nítorí Ìkookò ọ̀tá wọn mọ ohùn ẹni í sín jẹ. Ẹni tí kò ní ìyẹ́ kò gbọdọ̀ wọ bodè.

Ẹtu a máa yan fanda. Ọ̀kẹ́rẹ́ aṣọ́bodè, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ní, "Rọra o! Ìyẹ́ ló gbayì, kì í ṣe ìwọ."

Lọ́jọ́ kan, Òkété, ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀, fara gbọgbẹ́ lójú ogun, odò sì gbé ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹtu yọ tirẹ̀ há a létí. "Máa lọ. Màá dá Ìkookò dúró."

Nígbà tí Ẹtu fi máa sá dé bodè, Ìkookò ti ń mí sí i lẹ́yìn. Ẹ gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́ o, èmi Ẹtu ni o!
*Ìyẹ́ dà?*
Mo fún Òkété tó gbọgbẹ́.
*Ìyẹ́ dà?*
Ṣé o ò mohùn mi mọ́ ni?
*Ìyẹ́ dà?*

Ọwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára ìlẹ̀kùn. Kò ṣí i.

Òkété ta jí nínú ilé, ó ké: "Ìyẹ́ ẹ̀ rè é létí mi!" Orin ti dákẹ́. Pátákò Ẹtu kan ṣoṣo ni wọ́n bá níta.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ ìyẹ́ tirẹ̀, ó gún un mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kò há òmíràn sétí mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àmì dára. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i bí ẹ̀yin náà ṣe gbè é, tí ẹnì kankan nínú yín ò ṣílẹ̀kùn?

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ẹ dìde.