Afárá Àwọn Tí Kò Dé

Ọdẹ́rìndé kò mọ iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ ogun. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù ló ti wà nínú ẹgbẹ́ atẹ́fárá, àwọn mẹ́fà tó máa ń ṣíwájú ọmọ ogun láti fi igi àti okùn la odò kọjá. Ògúnṣọlá ló ń gé igi, Ọ̀jẹ́tọ́lá ló ń di okùn. Olúkúlùkù ló ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ogun ti ń parí lọ, afárá já, odò sì gbé àwọn yòókù lọ lójú Ọdẹ́rìndé tó dúró ní bèbè. Ọlọ́run tó ni ẹ̀mí nìkan ló mọ ìdí tó fi dá ẹyọ kan sí.

Ìlú rẹ̀ ti jóná. Mojírọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, ó sì fi í sí ahéré kan ní òdìkejì odò Ọ̀sàrà. Òun fúnra rẹ̀ gba òkè odò lọ́hùn-ún, lórí àpáta tí aboyún kò lè gùn, kó tó dé Ìdó-Odò. Ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ tí ìlú náà fi ń sọdá ti fọ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò tẹ́ afárá kí òjò tó dé. Ilé àti ilẹ̀ ni èrè rẹ̀. Bí kò bá rí iṣẹ́ yìí gbà, inú ahéré tó ń jò ni Mojírọ́lá yóò bímọ sí, láìsí obìnrin kan tí yóò gbẹ̀bí rẹ̀.

Lójú ogun, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé bodè nínú ẹgbẹ́ kì í dá orúkọ ara rẹ̀ pè. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò kéde, kí wọ́n lè se oúnjẹ tó kárí, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ de àwọn tó kù lẹ́yìn. Nítorí náà, Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ó sì ké bó ti máa ń ké e: "Àwá dé o!"

Baálẹ̀ na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin ta ni? Àbí ojú mi ló ń ṣe bàìbàì? Ẹnìkan ni mo rí."

"Àwa mẹ́fà ni, Bàbá. Àwa la tẹ́ gbogbo afárá tí ọmọ ogun gbà. Àwa là ń gé igi, àwa là ń di okùn."

Ìyálóde, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ti àwa. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ọwọ́ tìrẹ ṣe níbẹ̀?"

Òtítọ́ dé ètè Ọdẹ́rìndé. Òun ló máa ń lúwẹ̀ẹ́ gbé okùn àkọ́kọ́ kọjá. Bó bá ti so ó mọ́ igi, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Ta ni yóò fún òmùwẹ̀ lásán ní ilé? Ó gbé òtítọ́ náà mì. "Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn, Ìyá."

Irọ́ kékeré ni lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n ọmọ ènìyàn a máa ṣí ilẹ̀kùn tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tì.

Ará Ìdó-Odò kì í fi ebi pa àlejò. Wọ́n gbé oúnjẹ ènìyàn mẹ́fà wá, wọ́n tẹ́ ẹní mẹ́fà. Ọdẹ́rìndé jẹ ìwọ̀n tirẹ̀, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àwo ti mọ́ fóò, àwọn ẹní yòókù sì tutù rinrin, iyanrìn odò wà lórí wọn.

"Àwọn èèyàn rẹ ti dé nìyẹn," ni obìnrin tó wá kó àwo wí. "Wọ́n mà lè jẹun o! Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kì í kí ènìyàn?"

Ọdẹ́rìndé sáré lọ sí odò. Okùn ti nà gbọọrọ lórí omi, ó ti so mọ́ igi ní òdìkejì. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an nìyẹn, òun kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan omi. Ó fọwọ́ kan ìdì okùn tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dá a mọ̀. Ọ̀jẹ́tọ́lá nìkan ló ń di okùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde.

Ìbá sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó rántí Mojírọ́lá, ó pa ẹnu mọ́. Ojoojúmọ́ ni afárá ń gùn sí i, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìró àáké. Ìlú ń yọ̀, wọ́n ń se oúnjẹ kún oúnjẹ. Àwọn ajá nìkan ni kò jẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ilé tí Ọdẹ́rìndé wọ̀ sí kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí afárá parí, Baálẹ̀ àti gbogbo ìlú jáde sí bèbè. Ìkùukùu ṣì bo odò. Mojírọ́lá yọ ní òdìkejì, ó gbé ẹsẹ̀ lé afárá, ó rìn díẹ̀, ó sì dúró.

"Olówó orí mi, ta ni àwọn tó di okùn mú yìí? Omi ń kán lára wọn."

Kò sí ẹlòmíràn tó rí nǹkan kan. "Má dá wọn lóhùn!" ni Ọdẹ́rìndé kígbe.

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti tẹ́ ẹní tèmi sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. "Wọ́n ní èmi náà ti di ara àwa." Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Ọdẹ́rìndé wó lulẹ̀ lójú gbogbo ìlú. "Kò sí àwa! Ọlọ́run, ṣàánú mi, kò sí àwa! Odò ti gbé wọn lọ, èmi nìkan ni mo dé! Ògúnṣọlá, Ọ̀jẹ́tọ́lá, ẹ̀yin ará mi, mi ò pè yín mọ́. Ẹ lọ sinmi lọ́wọ́ Ẹni tó dá yín!"

Okùn dẹ̀. Mojírọ́lá ta gìrì bí ẹni tó jí lójú oorun, ó sáré padà sórí ilẹ̀, afárá náà sì rì sínú omi láìdún.

Baálẹ̀ sún mọ́ Ọdẹ́rìndé. "Òkú la wá ń bọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó dára. Wàyí o, kí ni ìwọ lè ṣe?"

"Mo lè lúwẹ̀ẹ́ gbé okùn kọjá, Bàbá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyálóde pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí! A ní igi, a ní àáké, a ní àwọn géńdé tó kàn ń jẹun kiri. Ẹni tó lè la omi yìí kọjá nìkan ni a ò ní! Ṣebí ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn?"

Ọdẹ́rìndé gbàdúrà, ó fi eyín di okùn mú, ó bọ́ sódò. Omi nìkan ló kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin Ìdó-Odò tẹ́ igi tẹ̀lé e, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń bú ara wọn, ariwo àáké gba igbó kan. Abẹ́ òrùlé Ìyálóde ni òjò àkọ́rọ̀ bá Mojírọ́lá, ọwọ́ Ìyálóde fúnra rẹ̀ ló sì gba ọmọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń fi òwe kan kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé agbára ọ̀pọ̀ wọ̀ bí ẹ̀wù, pé ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé".